Ìbuwọ́lù Aago Mẹ́rin Òru

(Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, Àǹtí àti Fẹ́mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru.)

ÀǸTÍ: Fẹ́mi, ní aago mẹ́rin òru, èmi àtìwọ la jọ wà lọ́dọ̀ bàbá tó ṣubú. Báwo ni ìwé màmá yàrá 12 ṣe wá sọ pé o yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́rin?

FẸ́MI: Ẹ má bínú, Àǹtí. Máníjà ní ìwé kò gbọdọ̀ ní àlàfo. Mo padà yí wọn ní aago márùn-ún ààbọ̀, ara wọn ò sì bó.

ÀǸTÍ: Ṣé o fọwọ́ kàn wọ́n? Barbados ni màmá yẹn ti wá, awọ wọn dúdú bíi tiwa. Àwọn tó ń kọ́ yín níṣẹ́ á ní kí ẹ wá ibi tó pọ́n, ṣùgbọ́n pípọ́n kì í tètè hàn lára dúdú. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n: ṣé ibẹ̀ gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, ṣé ó le, ṣé ó ń dùn wọ́n? Gìgísẹ̀ àti egungun ìdí ni kó o kọ́kọ́ wò. Egungun á tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé ibẹ̀, bí egbò bá sì là, ó lè jinlẹ̀ dé egungun.

FẸ́MI: Mo fọwọ́ kàn wọ́n, kò gbóná, kò le. Ohun tí mo ṣe ń bi yín nìyẹn: ta ni irọ́ yẹn pa lára?

ÀǸTÍ: Màmá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ Àìkú làwọn ọmọ wọn ń wá. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo egbò kì í sùn níbẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ni ẹnu tó kù fún wọn, o sì fi ẹnu wọn sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

FẸ́MI: Àǹtí, ẹni tí kò gba òṣìṣẹ́ tó ló yẹ kí ẹ bá wí. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbé wọn sókè, ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Méjì péré sì ni wá lóru. Bí àwa méjèèjì bá wà lọ́dọ̀ bàbá, ta ló kù fún àwọn yòókù? Olówó ilé ń jẹ èrè, àwa là ń jẹ̀bi.

ÀǸTÍ: Òótọ́ ni, ẹ̀bi tiwọn ju tìẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù rẹ ló ń bò wọ́n láṣìírí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò sọ iye òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà fún arúgbó mélòó. Ó kàn ní kí wọ́n tó ni. Ta ló máa wá mọ̀ pé wọn ò tó? Bí àwọn CQC tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú bá dé, wọ́n á ṣí ìwé wa, wọ́n á rí i pé ènìyàn méjì yí gbogbo arúgbó padà lásìkò, wọn ò fo ẹnì kan. Olówó ilé á ní, "Ṣé ẹ rí i? Méjì tó." Àlàfo tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí nínú ìwé yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé a nílò ẹnì kẹta.

FẸ́MI: Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Àmọ́ ẹ̀yin ti gba ìwé ìgbélùú, ilé yìí ló gba físà tèmi. Bí wọ́n bá lé mi, ọjọ́ 60 ni ìjọba sábà máa ń fúnni láti wá ẹlòmíràn tó máa gbani síṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó bá ti òkèèrè wá lẹ́yìn oṣù kẹta ọdún 2024 ò lè mú aya àti ọmọ dání. Ìyàwó mi àti ọmọ wa wà ní Òṣogbo, n ò sì tíì san owó tí mo yá wá síbí tán. Ṣé kí n wá fi gbogbo ìyẹn ta tẹ́tẹ́ nítorí aago mẹ́rin òru ọjọ́ kan?

ÀǸTÍ: N ò ní kó o lọ dojú kọ ẹnikẹ́ni. Èmi tí wọn ò lè lé kúrò nílùú ni màá bá máníjà sọ ọ́. Bí kò bá gbọ́, CQC ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kéré sí ìyẹn: kọ aago márùn-ún ààbọ̀, kó o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a wà lọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú. Ìwé irọ́ náà lè mú kí wọ́n lé ọ, ṣó o mọ̀? Bí egbò bá yọ lára màmá lọ́la, orúkọ rẹ ni wọ́n máa bá níbẹ̀, wọn ò ní bá ti máníjà.

FẸ́MI: Bí wọ́n bá wá dín iṣẹ́ mi kù ńkọ́?

ÀǸTÍ: Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, n ò ní tàn ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwa tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ kọ àlàfo tiwa, kó má jẹ́ tàwọn ọmọ tuntun nìkan ló máa hàn. Bàbá yàrá 3 ò rí omi mu látọ̀gànjọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

FẸ́MI: Ẹ jẹ́ kí n padà wọlé lọ tún tèmi kọ, kí àwọn tọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀.

ÀǸTÍ: Má ṣe pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́ o. Fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kí wọ́n ṣì lè kà á. Kọ àkókò tòótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó o buwọ́ lù ú. Màá bá ọ lọ.

FẸ́MI: Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí mo kọ́kọ́ kọ irọ́?

ÀǸTÍ: Sọ fún wọn pé wọ́n ní ìwé kò gbọdọ̀ ní àlàfo. Òótọ́ nìyẹn náà, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.