Ìdáríjì Yàtọ̀ sí Ìlàjà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da ilé púpọ̀ rú láàárín àwa tí a wà lẹ́yìn odi: ọ̀rọ̀ owó tí a fi ránṣẹ́ sílé.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò mi kan pé kó bá mi kọ́ ilé sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo fi rí owó náà. Nígbà tí mo délé, ìpìlẹ̀ nìkan ni mo bá, igbó sì ti bò ó. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ń gba Àdúrà Olúwa, tí a dé ibi tí a ti so ìdáríjì tiwa mọ́ èyí tí à ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ wá, ohùn mi a lọ sílẹ̀.

Màmá wa bẹ̀ mí títí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, dárí jì í, kí o sì jẹ́ kó parí ilé náà.” Àwọn àgbà kúkú ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Àṣé ohun méjì ni Màmá ń béèrè, èmi rò pé ọ̀kan ni.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1981, Mehmet Ali Ağca yìnbọn fún Póòpù John Paul Kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, láti ilé ìwòsàn, Póòpù kéde pé àwọn ti dárí jì í. Ní òpin ọdún 1983, wọ́n lọ bá a lẹ́wọ̀n, wọ́n jọ jókòó sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, Póòpù jáde, Ağca kù sẹ́yìn. Ọdún 2000 ni ìjọba Ítálì tó tú u sílẹ̀, tí wọ́n dá a padà sí Tọ́kì.

Jósẹ́fù náà kò yára fara hàn fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tà á. Ìgbà tí Júdà yọ̀ǹda láti di ẹrú nípò Bẹ́ńjámínì ló tó bú sẹ́kún níwájú wọn. Ó ti rí i pé àwọn tó ta àbúrò wọn nígbà kan kì yóò ta òmíràn mọ́.

Ìdáríjì wà lọ́wọ́ ẹni tí a ṣẹ̀: kí n má gbẹ̀san, kí n má bu àbúrò mi lójú àwọn ọmọ mi, kí n máa fẹ́ ire fún un. N kò ní láti dúró de ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ìlàjà ní tirẹ̀ gba òtítọ́ àti àtúnṣe lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹnìkan lè ní mo fi èyí bo ìkùnsínú mọ́lẹ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, bí mo bá ti ilẹ̀kùn tí mo sì sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, mo pe àbúrò mi. Mo ní n kò bínú mọ́, ṣùgbọ́n owó ilé kò ní gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá mọ́ títí a ó fi jókòó ṣírò èyí tó ti lọ. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n wá àwọn ìwé rẹ̀.”

Mo ṣì ń retí àwọn ìwé náà. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ibẹ̀ yẹn nínú Àdúrà Olúwa, ohùn mi kì í lọ sílẹ̀ mọ́.