Ohun Mímọ́ Nínú Eré Ọmọdé

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 12:24-27, Deuterónómì 6:4-9, Nehemáyà 13:23-25, 2 Tímótéù 1:5 àti 3:14-15.

Ìbéèrè tí a ó gbé yẹ̀wò: Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi eré kọ́ ọmọdé ní ohun tí í ṣe ti Ọlọ́run?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kan, ní ìjọ kan ní Gowon Estate, àwọn ọmọdé tí mo ń kọ́ ń la Òkun Pupa kọjá. Ìró àdìrẹ méjì ni òkun náà. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ nínú wọn di etí aṣọ mú, wọ́n ń jù ú sókè sódò bí ìgbì. Ọmọ kan tí ó mú igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ni Mósè. Àwọn ìyókù gbé ẹrù lé orí, wọ́n ń sáré gba àárín kọjá. Ariwo wọn pọ̀, ó sì dé kíláàsì àwọn àgbà. Bàbá kan tí gbogbo ìjọ ń bọ̀wọ̀ fún dìde, wọ́n wá sí ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n ní, "Olùkọ́, ṣé ilé Ọlọ́run ti di pápá ìṣeré ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Àwọn ọmọ ká òkun wọn, wọ́n jókòó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Bàbá mọ Bíbélì. Wọ́n mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Nádábù àti Ábíhù tí wọ́n mú iná àjèjì wá síwájú Olúwa. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí a bá sọ di yẹ̀yẹ́ lójú ọmọdé, ó ṣòro kí ó tó tún ní ọ̀wọ̀ lójú rẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà. Ẹ̀rù tí ó bà bàbá yẹ kí ó ba gbogbo olùkọ́.

Ọmọ tí kò lè gbe àlọ́

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìyá àgbà kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti kí ọmọ wọn obìnrin tí ń gbé nítòsí wa. Mo lọ kí màmá ní ìrọ̀lẹ́. Iná kò sí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àkókò àlọ́ gan-an ni. Màmá pe ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n ní, "Àlọ́ o!" Ọmọ náà ń wò wọ́n. Wọ́n tún ní, "Àlọ́ o!" Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bèèrè ohun tí màmá ń wí. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àlọ́ tí a ń túmọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kì í dùn. Màmá dá a dúró láàárín ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sì gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí láti gbàdúrà fún un, ọmọ náà kò mọ ibi tí yóò ti ṣe Àmín.

Kò sí ẹni tí ó ṣe ìkà nínú ilé náà. Àwọn òbí ọmọ náà ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ àṣekára. Síbẹ̀ okùn kan já lójú mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Pọ́ọ̀lù rántí ìgbàgbọ́ tí ó kọ́kọ́ wà nínú Lóísì, ìyá àgbà Tímótéù, kí ó tó wà nínú Yúníìsì ìyá rẹ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Tímótéù fúnra rẹ̀. Bí Tímótéù kò bá gbọ́ èdè Lóísì ńkọ́?

Nehemáyà pàdé irú nǹkan yìí. Ó rí i pé ìdajì àwọn ọmọ inú ilé kan ń sọ èdè Áṣídódù, wọn kò sì lè sọ èdè Júù. Inú bí i, ó bá àwọn baba wọn jà, ó lu àwọn kan, ó sì fa irun wọn tu. Ìdí ìbínú rẹ̀ yé wa. Ṣùgbọ́n Bíbélì kò sọ fún wa pé lílù náà mú kí ọmọ kan ṣoṣo sọ èdè Júù. Àwa náà ti gbìyànjú pàṣán, ní ìdàkejì: ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni a ti jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì.

Bí àwọn Júù ṣe ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn Júù ṣe pa ìgbàgbọ́ àti èdè wọn mọ́ nígbà tí wọ́n fọ́n káàkiri ayé. Ní Ẹ́kísódù 12, Ọlọ́run kò wulẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe àjọ Ìrékọjá. Ó sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì sọ ohun tí àwọn baba yóò fi dáhùn. Òkúta méjìlá tí Jóṣúà tò ní etí Jọ́dánì, nítorí ìbéèrè ọmọdé náà ni. Ọlọ́run fi ohun tí ọmọ yóò rí tí yóò fi la ẹnu sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e.

Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ilé àwọn Júù ní alẹ́ Ìrékọjá. Ọmọ tí ó kéré jù lọ nínú àwọn tí ó lè ṣe é ni ó ń bèèrè ìdí tí alẹ́ náà fi yàtọ̀. Wọ́n ń jẹ ewébẹ̀ kíkorò kí ahọ́n ọmọ lè mọ bí oko ẹrú ti rí. Wọ́n ń gún èso pọ̀ títí yóò fi dà bí amọ̀ tí àwọn baba wọn fi ṣe bíríkì ní Íjíbítì. Wọ́n a bu àkàrà aláìwú sí méjì, wọ́n a fi ìdajì pamọ́, àwọn ọmọ a sì máa wá a kiri ilé. Oúnjẹ kò lè parí títí wọn yóò fi rí i, ẹni tí ó rí i a sì gba ẹ̀bùn. Eré ni èyí, ṣùgbọ́n kò sí Júù olùfọkànsìn tí yóò sọ pé òun ń fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́. Baba ilé jókòó síbẹ̀, òun ni ó ń dáhùn.

Ní Àjọ Ìyàsímímọ́, èyí tí a dárúkọ nínú Jòhánù 10:22, àwọn ọmọ wọn a máa ta ohun kékeré kan tí ó dà bí òkòtó wa. Ojú mẹ́rin ni ó ní, lẹ́tà Hébérù kọ̀ọ̀kan sì wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́rin náà dúró fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ó sọ pé iṣẹ́ ìyanu ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ń gbé ilẹ̀ Ísírẹ́lì yí lẹ́tà kan padà, kí ó lè sọ pé níhìn-ín ni ó ṣẹlẹ̀.

Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, àwọn Júù ilẹ̀ Jámánì a máa fi oyin sí orí lẹ́tà lójú wàláà fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ìwé, kí ó lá a. Ẹ̀yin ará, àwa kò ha mọ èyí? Ta ni nínú wa tí wọn kò fi oyin àti iyọ̀ kàn ní ẹnu ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ? Àwọn baba wa náà mọ̀ pé àdúrà a máa wọlé láti ẹnu ọmọ.

Èdè tí kò ní ọmọláńgidi

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, èdè Hébérù jẹ́ èdè àdúrà àti ìwé. Wọn kò fi í bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ní 1881, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Eliezer Ben-Yehuda dé Jerúsálẹ́mù, ó pinnu pé èdè náà yóò tún di èdè ilé. Ní 1882 ni a bí ọmọkùnrin rẹ̀. Bàbá náà kò fẹ́ kí etí ọmọ yìí gbọ́ èdè mìíràn rárá. Ọmọ náà di ẹni àkọ́kọ́ ní ayé òde òní tí Hébérù jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó sì dá nìkan wà. Kò ní ẹgbẹ́ tí yóò bá ṣeré ní èdè rẹ̀. Kódà, ọ̀rọ̀ fún ọmọláńgidi kò sí nínú èdè náà. Ben-Yehuda ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ wo èdè tí ó kún fún àdúrà, tí kò ní ohun tí ọmọdé yóò fi pe ohun ìṣeré rẹ̀!

Ní 1898, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi àkọ́kọ́ ní èdè Hébérù sílẹ̀ ní ìlú Rishon LeZion. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń kọrin, tí wọ́n ń ṣeré, tí wọ́n sì ń jà ní èdè náà. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Àwọn ọmọ mú èdè náà lọ sílé fún òbí wọn. Lónìí, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ni ó ń sọ ọ́. Ohun tí àṣẹ bàbá kan kò lè ṣe tán, ẹgbẹ́ àti eré bá a parí rẹ̀.

Àwa kò ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. A ní ọmọláńgidi, a ní òkòtó, a ní bojúbojú, a ní ọpọ́n ayò tí ihò 12 àti ọmọ ayò 48 inú rẹ̀ ti kọ́ ọ̀pọ̀ baba wa ní ìṣirò. Àwọn ará ìjọ wa láti òkèèrè pàápàá ṣe làálàá lórí èdè yìí. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, a sì tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858. Ní 1970 àwọn olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe òfin ní 2018 pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti àdáni máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọmọ ta òkòtó.

Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ Gowon Estate ní àwọn ọdún 1970, onírúurú ẹ̀yà ni ó sì ń gbé inú rẹ̀. N kò sọ pé kí gbogbo ọmọ di Yorùbá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, kí ó gbọ́ Ìgbò lẹ́nu ìyá rẹ̀. Gíríkì ni baba Tímótéù, síbẹ̀ Lóísì àti Yúníìsì rí ọ̀nà.

Ibi tí eré mọ

Bàbá tí ó bá mi wí lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn. Mo ti ro ó, èyí ni mo sì rí.

Èkíní, eré kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Sekaráyà ń sàsọtẹ́lẹ̀ nípa Jerúsálẹ́mù tí Ọlọ́run yóò tún ṣe, ó rí àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣeré ní ìgboro rẹ̀ (Sekaráyà 8:5). Jésù Olúwa wa kíyè sí eré ọmọdé ní ọjà, ó sì fi ṣe ẹ̀kọ́ (Máttéù 11:16-17). Bí ọmọdé bá ń ṣeré, gbogbo ọkàn rẹ̀ ni ó fi ń ṣe é. Ìgbà mélòó ni àwa àgbà ń fi gbogbo ọkàn kọrin?

Èkejì, ààlà wà. A kò gbọdọ̀ sọ ìtàn Bíbélì di àlọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìjàpá kò sọ̀rọ̀ rí, ṣùgbọ́n Ísírẹ́lì la òkun kọjá. A kò gbọdọ̀ fi ìrìbọmi tàbí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ṣeré. Àjọ àwọn Júù pẹ̀lú, tiwọn ni. Ọgbọ́n wọn ni a ń kọ́, a kò gbọdọ̀ sín wọn jẹ.

Ẹ̀kẹta, eré kò lè sọ ọmọ di Kristẹni. Àwa Onítẹ̀bọmi gbà pé olúkúlùkù ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gba Jésù. Ṣùgbọ́n Tímótéù ti mọ Ìwé Mímọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, ìwé tí ó lè sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n sí ìgbàlà. A ń kó igi jọ. Ẹ̀mí Mímọ́ ni yóò dá iná.

Ẹ̀kẹrin ni ó gún mi lọ́kàn jù. Nínú Ìrékọjá, àgbà kì í sí níta. Ní ọjọ́ tí a la Òkun Pupa, àwọn ọmọ wà nínú yàrá kan, àwọn àgbà wà nínú òmíràn, kò sí ẹni tí àwọn ọmọ lè bi ní ìbéèrè àfi èmi nìkan. Àṣìṣe mi nìyẹn, ó ju ariwo lọ. Mo tọ bàbá lọ sílé, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá jókòó tì wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n wá. A tún ta ìró sílẹ̀. Nígbà tí òkun kọjá tán, ọmọ kan bèèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀rù ò ba Mósè?" Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù bà á, ọmọ mi. Ó kàn ń lọ ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ omi tí àwọn fúnra wọn ti là kọjá fún àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tí ó pariwo.

Bàbá ṣì ní kí ariwo wa dín kù. A ti dín in kù.

Fún ìjíròrò nínú kíláàsì

1. Ìbéèrè wo nípa Ọlọ́run ni ọmọ rẹ bi ọ́ kẹ́yìn? Ṣé o dáhùn, tàbí o ní kí ó lọ bi olùkọ́ rẹ̀?
2. Ní èdè wo ni o fi ń gbàdúrà nígbà tí ìdààmú bá dé? Ṣé ọmọ rẹ gbọ́ èdè náà?
3. Kí ni ó wà nínú ilé rẹ tí ó lè mú ọmọ bèèrè ìtumọ̀ ìgbàgbọ́ rẹ?
4. Níbo ni o rò pé ó yẹ kí eré dúró nínú ilé Ọlọ́run? Fi Bíbélì gbè é lẹ́sẹ̀.

Àdúrà: Baba wa ọ̀run, fún wa ní sùúrù láti jókòó ti àwọn ọmọ wa, kí a sì ní ohun tí a ó fi dá wọn lóhùn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.