Ta Ni Ó Ni Ohun Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀rọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn àgbà tí ń bẹ láàárín wa, nítorí pé orí eré ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ni ayò pẹ̀lú, kò sì sí ọmọlúwàbí tí ó jẹ́ sọ pé ọpọ́n ayò bàbá òun kò já mọ́ nǹkan. Ìbéèrè náà nìyí: bí ẹnìkan bá gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà, bí a ti ń pe àwọn tí ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe, kí ó bá a yọ háàdì díráìfù inú rẹ̀, kí ó sì fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ta ni ó ni ohun tí ó wà nínú èyí tí a yọ? Ẹ má ṣe bá mi sọ ti irin rẹ̀ nìkan. Ohun tí a kó sínú rẹ̀ ni mo ń bi yín.

Ní àdúgbò Basin níhìn-ín ní Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbi gbogbo tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ń gba yàrá, PlayStation 4 ṣì wọ́pọ̀, tòkunbọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ jáde ní 2013, 500GB ni háàdì díráìfù inú rẹ̀ ń gbà. Nígbà náà, ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n géèmù ń sanra bí ẹran ọdún. Díísìkì Blu-ray kan ṣoṣo lè gba 50GB. Call of Duty: Modern Warfare tí ó jáde ní 2019 sì wú títí tí ó fi kọjá 200GB. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ méjì, ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Yóò wá di pé kí ó máa pa èyí tí ó ti rà rẹ́ kí ó tó rí ààyè fún tuntun, kí ó sì tún fi owó dátà gbà á padà lọ́la. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá 1TB tàbí 2TB kiri.

Iṣẹ́ náà kò le. Sony tí ó ṣe ẹ̀rọ náà gbà á láàyè. Nínú PlayStation 4 àkọ́kọ́, a ó ti ìdérí dídán tí ó wà lókè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó tú síkúrù kan ṣoṣo tí a ya àmì mẹ́rin orí pádì sí lára, a ó sì fa háàdì díráìfù náà jáde, irú kékeré tí ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò ṣe é tán kí ẹ̀wà tó jinná. Lẹ́yìn náà ni yóò fi flash gbé ètò iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wọ inú tuntun. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe kí a tó fọwọ́ kan síkúrù ni a kì í sábà ṣe.

Géèmù fúnra rẹ̀ kò ṣòro, nítorí ẹni tí ó ní díísìkì yóò tún un gbé wọlé. Ohun tí kò sí lórí díísìkì kankan ni ibi tí ènìyàn bá eré dé: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó ti ń tọ́ láti sáà dé sáà, orúkọ tí ó fi sọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, àwòrán tí ẹ̀rọ yà ní alẹ́ ọjọ́ tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ borí. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo. Flash kékeré lè gbà á, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kíkó rẹ̀ sì ń gbà. Ẹnjiníà tí kò bá béèrè, tí ó kàn yọ ti àtijọ́ sínú páálí, tí ó sì nù ún mọ́ láti tà á fún ẹlòmíràn lọ́la, kí ni ó ṣe? Òun yóò ní òun tún nǹkan ṣe ni.

Ó dà bí ẹni pé èdè wa ti ronú sí ọ̀ràn yìí ṣáájú wa. Nígbà tí Yorùbá bá ní òun pa nǹkan mọ́, ohun méjì ni ó lè ní lọ́kàn. A pa owó mọ́ kí ó má baà sọnù. A pa ọ̀rọ̀ mọ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Ìtọ́jú ni ti àkọ́kọ́, ìbòmọ́lẹ̀ ni ti èkejì. Háàdì díráìfù ń ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ ti fọwọ́ kan méjèèjì: ó bo àṣírí, ó sì ba ìtọ́jú jẹ́. Ìwà kan ṣoṣo ni, ó sì lè jẹ́ oore, ó sì lè jẹ́ ìkà.

Ti àṣírí ni ayé ti pariwo jù. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network tẹ ìròyìn kan jáde lórí Èkó, wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹrù kọ̀ǹpútà àlòkù ń wọ èbúté ibẹ̀ lóṣooṣù. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti University of British Columbia ní Kánádà, tí wọ́n ń ṣe fíìmù fún tẹlifíṣàn PBS ti Amẹ́ríkà, ra háàdì díráìfù àlòkù mélòó kan ní ọjà Gánà. Nínú ọ̀kan ni wọ́n ti bá ìwé àdéhùn iṣẹ́ Northrop Grumman, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó tà á kò mọ ohun tí ó tà. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà pa nǹkan rẹ́, orúkọ rẹ̀ ni ó sábà máa ń yọ kúrò nínú àkójọ, nǹkan náà yóò wà níbẹ̀ títí òmíràn yóò fi gorí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa náà ti ṣe òfin ààbò lórí ìsọfúnni ara ẹni ní 2023, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Fún irú ẹni tí ó jìnnà bẹ́ẹ̀, oore ni pípa rẹ́. A kò mọ̀ ọ́n, a kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí a bi í. Ẹni tí ó ra aṣọ bọ̀síkọ̀rọ̀, tí ó bá lẹ́tà nínú àpò rẹ̀, aṣọ ni ó ra, kò ra lẹ́tà. Kí ó fà á ya láìkà á. Bákan náà ni ẹni tí ó ra PlayStation tòkunbọ̀, tí ó tàn án, tí ó sì bá orúkọ ọmọ òyìnbó kan àti àwòrán rẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣí i wò, tí a sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú yàrá. Kò yẹ wá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kan háàdì díráìfù géèmù tí a dá yọ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Láti PlayStation 3 ti 2006 ni Sony ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ohun tí ń bẹ lórí rẹ̀, inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sì wà. Bí a bá yọ ọ́, tí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, jágbajàgba ni a ó rí. Èyí já sí pé ẹni tí ó mú un lọ kò lè jẹ àǹfààní kankan lára ohun inú rẹ̀. Àwọn kan yóò wá ní níwọ̀n bí kò ti jèrè, kò jẹ̀bi. Èmi kò gbà. Èrè ẹni tí ó mú nǹkan kọ́ ni a fi ń wọn àdánù olóhun.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkè òkun. Xbox tí Microsoft gbé jáde ní 2001 ní háàdì díráìfù 8GB nínú. Nínú eré ìje ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ RalliSport Challenge, ẹ̀rọ náà ń pa ìrìn ẹni tí ó yára jù lọ mọ́. Ẹni tí ó bá tún gba ojú ọ̀nà yẹn yóò rí ọkọ̀ kan bí òjìji tí ń bá a sáré. Ní 2014, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ròyìn pé òun àti bàbá òun jọ máa ń ṣe eré náà nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá kú nígbà tí ọmọ pé mẹ́fà. Fún ọdún mẹ́wàá, kò lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ tí ó wá tàn án, ó bá òjìji ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tí ó ṣì ń sáré. Ó gbìyànjú títí ó fi di pé ó lè borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó dé òpin, á dúró, kí bàbá lè kọjá, nítorí pé bí ó bá borí, tirẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò pa mọ́, ti bàbá á sì pa rẹ́.

Ẹ wá fojú inú wò ó pé láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ẹnìkan ti bá wọn pààrọ̀ háàdì díráìfù náà, tí ó sì gbowó iṣẹ́.

N kò sọ pé bàbá wà nínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n inú ilé ni àwọn baba wa ń sin òkú àgbà sí, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó mú títa ilé bàbá nira lójú wọn: a lè díye lé ògiri, a lè díye lé òrùlé, ta ni yóò díye lé ẹni tí ó sùn sábẹ́ ilẹ̀ yàrá? Ẹni tí ó bá ní géèmù lásán ni gbogbo èyí, kí ó lọ bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

N kò ní í di gbogbo ẹ̀bi ru ẹnjiníà. Iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí láti 2023. Bí a bá ní kí ó kó odindi 500GB láti inú èyí sínú ìyẹn, wákàtí púpọ̀ ni yóò lọ, owó tí a san kò sì tó. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń béèrè. Ìbéèrè kan ni: “Àbúrò, ǹjẹ́ nǹkan wà nínú èyí tí o fẹ́ pa mọ́?” Lẹ́yìn náà, kí ó dá ti àtijọ́ padà fún olówó rẹ̀, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ pé òun ni yóò mú un. Àwa àti àwọn télọ̀ ti ń jà lórí èérún aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, télọ̀ kò sì tíì rí àwíjàre kan ju pé a kò béèrè. Ní ìlú àwọn àáfà tí a wà yìí, ó yẹ kí ó yé wa ju ti ibòmíràn lọ pé ohun tí a gbé fúnni láti tún ṣe, ohun ìfipamọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹnìkan lè ní ọ̀ràn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé nínú PlayStation 5 ti 2020, wọ́n ti jó ìpamọ́ 825GB rẹ̀ mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ, a kò lè fà á yọ. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ń fi òmíràn kún. Lóòótọ́, kò sí ẹnjiníà tí yóò ju ti àtijọ́ sínú páálí mọ́. Ṣùgbọ́n bí pátákó náà bá kú, ìpamọ́ bá a lọ, tòkunbọ̀ rẹ̀ náà sì ti ń dé.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa nínú gbogbo rẹ̀ ni ti tòkunbọ̀ yìí. Mo ti ní kí a pa ti àjèjì rẹ́ láìwò ó. Bí òjìji bàbá ẹnìkan bá wà nínú èyí tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti inú kọ̀ǹténà ńkọ́, tí ọmọ rẹ̀ sì ń wá a ní ìlú tí n kò mọ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ tà á nígbà tí òun kò sí nílé? Bí n kò bá ṣí i wò, n kò lè mọ̀. Bí mo bá ṣí i, mo ti wo ohun tí kì í ṣe tèmi. Bí a bá gbé irú rẹ̀ fún mi lónìí, èmi yóò pa á rẹ́. N kò lè sọ pé ọkàn mi yóò balẹ̀.