Abọ́ Kẹfà

Ibi tí ọkàn mi wà lọ́dún yìí ni Lúùkù 2:7, níbi tí Màríà ti bímọ tí kò sí àyè fún wọn nínú ilé èrò.

Onitsha ni wọ́n bí mi sí. Màmá mi ń ta ìrẹsì àti òróró ní Relief Market. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé Yorùbá ń gbé ibẹ̀ o; Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, ti kó àwọn ajíhìnrere dé ìlú náà láti ọdún 1857.

Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, èrò ọjà kì í jẹ́ ká rí ẹsẹ̀ gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ń wọn ìrẹsì, èmi ń di ẹnu ọ̀rá. Tó bá di ọjọ́ 24, gbogbo ayé á ti rọ́ lọ sí Upper Iweka láti wọkọ̀ lọ sí abúlé wọn, àdúgbò wa á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Àwa là ń ṣẹ́kù, torí owó ọkọ̀ èèyàn márùn-ún dé Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe kékeré. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn: òórùn ọbẹ̀, aṣọ ọdún, bàngà tí bàbá mi ní ká má yìn tí a sì yìn.

Lọ́dún kan, ọjà ò tà. Adìyẹ kan ṣoṣo la rí pa. Bí màmá mi ṣe ń bu oúnjẹ, mo ka abọ́, ó pé mẹ́fà. Alábàárù tó ń fi ọmọlanke kó ìrẹsì wa ló ni ìkẹfà, ọmọ Abakaliki tí kò rówó ọkọ̀ lọ sílé. Itan tí mo ti fojú sí láti àárọ̀ ni wọ́n bù fún un! Mo fi Yorùbá sọ ọ́ kó má baà gbọ́: "Màámi, ẹni yìí kì í ṣe ará ilé wa."

Wọn ò nà mí. Wọ́n ní, "Ta ni ará ilé tiwa ní Onitsha yìí?"

Ọmọkùnrin náà wo ojú mi, ó fa itan náà ya sí méjì, ó fi ìdajì sínú abọ́ mi. Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó gbọ́ mi yé. Mo sì jẹ ẹ́. Ó dùn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí dòní.

Onílé èrò la sábà máa ń bá wí tí a bá ń wàásù ẹsẹ yìí. Èmi ò lẹ́nu láti bá a wí. Ọ̀kan nínú wa wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí kò relé lọ́dún tó kọjá. Mo mọ yàrá rẹ̀, mo gbé báàgì mi kọjá níwájú ẹ̀.

Lánàá mo pe màmá mi, mo ní mo fẹ́ mú ẹnìkan bọ̀. Wọn ò béèrè ọmọ ibi tó jẹ́. Wọ́n ní, ṣé ó máa ń jẹ ata?