Ǹjẹ́ Òwúrọ̀ Lọjọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òwúrọ̀ lọjọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ohun kan ni a ti ń mọ bí òpin rẹ̀ yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá kan náà ló tún sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bí òwúrọ̀ bá ti sọ gbogbo bí ọjọ́ yóò ṣe rí, kí ni babaláwo tún ń bi Ifá ní ọjọ́ karùn-ún? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Eré ìdárayá ni n ó sì fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni àwa ọ̀dọ́ ti máa ń jiyàn lórí rẹ̀ jù. Bí ẹgbẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sáà ìdíje pẹ̀lú ìṣẹ́gun, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí ẹgbẹ́ họ́kì, ǹjẹ́ ìṣẹ́gun náà lè bá a dé òpin?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Nínú ìdíje AFCON náà, Super Eagles na Íjíbítì ní 1–0, wọ́n na Sudan ní 3–1, wọ́n sì na Guinea-Bissau ní 2–0. Nínú orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlélógún tó kópa, àwa nìkan la borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìpele àkọ́kọ́. Tùnísíà ni wọ́n wá fà kalẹ̀ fún wa, Tùnísíà tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta, tó jẹ́ pé ipò kẹta ló fi yọ. Tùnísíà na wá ní 1–0, a sì padà sílé. Íjíbítì tí a kọ́kọ́ nà ló dé àṣekágbá.

Ní ọdún 2024, Ivory Coast gba àlejò ìdíje yìí kan náà. A nà wọ́n ní 1–0, Equatorial Guinea sì nà wọ́n ní 4–0 lójú àwọn èèyàn wọn. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ, díẹ̀ ló sì kù kí àwọn náà di èrò ìwòran nílé ara wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, nínú àṣekágbá, àwa la kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, àwọn ló sì gba ife-ẹ̀yẹ lọ pẹ̀lú 2–1. Àwọn òbí wa náà yóò rántí ọdún 1994 ní Amẹ́ríkà, nígbà tí a na Bulgaria ní 3–0. Bulgaria yẹn ló ṣe ipò kẹrin ní gbogbo ayé, nígbà tí àwa ti wà nílé.

Kí ló dé tí ìbẹ̀rẹ̀ rere fi máa ń já èèyàn jù sílẹ̀ báyìí? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta kéré púpọ̀ láti fi mọ ẹgbẹ́. Bí ogún ọmọ kíláàsì bá ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, a lè retí pé nǹkan bí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn ni tiwọn yóò dojú sókè lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tí yóò torí ìyẹn sọ pé wọ́n mọ owó jù ju àwọn yòókù lọ. Ogún ẹgbẹ́ ló wà nínú líìgì Nàìjíríà, nítorí náà bí méjì tàbí mẹ́ta bá borí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ oríire lásán. Ohun kejì ni pé ẹni tó ń borí ni gbogbo ayé ń wò. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù yóò jókòó, wọn yóò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń gbà kọjá, wọn yóò sì dí i. Ohun kẹta ni ara. Ara kì í ṣe irin, irin pàápàá sì ń jẹ.

Èyí ló fi jẹ́ pé n kò fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ pé ìgbéraga ló máa ń mú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa ṣubú. Lóòótọ́, ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní sáà 2022/23, Arsenal wà lókè tábìlì ní England fún ọjọ́ 248, Manchester City ló sì gba ife-ẹ̀yẹ. Ní oṣù Kẹta ni William Saliba tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn fara pa, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà náà. Ẹ̀yìn dídùn kì í ṣe ìgbéraga. Kò tọ́ kí a máa fi ẹ̀sùn ìwà kan ẹni tí ara rẹ̀ ló kọ̀ fún un.

Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan lára àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ọ̀tà níbí, níbi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí. Ó máa ń sọ fún wa nípa àwọn òṣìṣẹ́ kásúà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹni tuntun a máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Páálí tirẹ̀ a ga ju ti gbogbo èèyàn lọ, súpáfáísọ̀ a sì máa yìn ín. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, ìka rẹ̀ ti bó, ẹ̀yìn ti ń dùn ún, páálí ti ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá tó ti pẹ́ níbẹ̀ kì í sáré. Wọ́n mọ̀ pé wákàtí méjìlá ni ṣíìfù, ọwọ́ tí wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá wọlé ní aago mẹ́sàn-án wá wò wọ́n lè pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Kó dúró di alẹ́ ná.

Ṣé gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ rere ló ń bàjẹ́ ni? Rárá o. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25, ó sì ti wà lọ́wọ́ wọn kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó parí. Ẹni tó bá wo sáà yẹn nìkan yóò ní òwúrọ̀ lọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí ti já sí ìpele kejì rí. Wọ́n ṣe ipò kejì sí Enyimba ní ọdún 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì sí Rangers ní ọdún 2024. Ohun tí a ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ wọn ti ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn. Gbòǹgbò ti wà nílẹ̀ kí a tó rí ewé. Èyí ló jẹ́ kí n rò pé òwúrọ̀ lè sọ bí ọjọ́ yóò ṣe rí fún ẹni tó bá mọ bí òru ṣe lọ. Ẹni tó jí bá òwúrọ̀ lójijì kò lè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ. Ní àdúgbò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí ẹgbẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ó ní, "Wọn ò tíì nà wọ́n." Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n nà wọ́n. Ẹ̀bà àwìn ló jẹ títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Kò burú láti ní ìrètí nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe dáadáa. Ohun tó burú ni kí a sọ ìrètí di ìdánilójú, kí a sì fi owó oúnjẹ dúró fún un.

Ní ilé-ìwé náà, mo ní ọ̀rẹ́ kan tí kò lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì já gaara nígbà tó dé láti abúlé ní JSS1. Olódo ni wọ́n ń pè é. Lónìí, òun ló ń ṣàlàyé ìṣirò fún wa lẹ́yìn tí kíláàsì bá parí. Mo sì mọ ẹlòmíràn tó gba ipò kìíní ní táàmù àkọ́kọ́, tí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ń bà á láti nawọ́ béèrè ohun tí kò yé e, kí wọ́n má baà sọ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀ ọ́n. Èèbú ni a fi di ẹrù fún ẹnì kìíní, ìyìn ni a fi di tẹnì kejì, ẹrù méjèèjì ló sì wúwo.

N kò sọ pé kí a má yin ẹni tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Pọ́ìntì mẹ́ta tí ẹgbẹ́ kan gbà ní ọjọ́ kìíní kò kéré sí mẹ́ta tí yóò gbà ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ó ti wà nínú kóló rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Ìṣẹ́gun wa lórí Íjíbítì ní ọdún 2022 kò di irọ́ nítorí pé Tùnísíà nà wá. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn, ayọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ti ṣe ni kí a yìn ín fún. Ohun tí kò tíì ṣe, kí a fi sílẹ̀ fún un láti ṣe.

Ní ìparí, ìdáhùn mi ni pé ìbẹ̀rẹ̀ rere lè dé òpin, bí iṣẹ́ tó bí i bá ti wà kí ìbẹ̀rẹ̀ náà tó dé, tí a kò sì dá iṣẹ́ náà dúró nígbà tí ìyìn dé. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé bí ẹ bá ń ka èsì táàmù àkọ́kọ́, ẹ kà á bí èsì táàmù àkọ́kọ́. Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá mú ipò kìíní wálé, ẹ bi í bó ṣe ṣe é. Bí ó bá sì mú ipò ìkẹyìn wálé, ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà pẹ̀lú ohùn kan náà.