Gáà Ha Lè Ronú Pìwà Dà Bí?

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Òmù-Àrán ka eré Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀: bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ronú pìwà dà, a ha lè gbà á bí?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe yára pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1754 títí di 1774 ni Gáà fi agbára jẹ gàba ní Ọ̀yọ́. Ó ti àwọn ọba sínú ikú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ káàkiri. Nígbà tí kò rí ẹran igbó tí ń jẹ́ àgbọ̀nyín fún oògùn rẹ̀, ìtàn wí pé ó fi Àgbọ̀nyín, ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún, dípò ẹran náà.

Ọmọ kan ní ọkàn Gáà dà bí àwọn ère Èsìẹ́, tí àwọn àgbà sọ pé wọ́n ti jẹ́ ènìyàn rí kí wọ́n tó di òkúta. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n àwa kò gbà á. Òkúta kì í yan ohun kan. Gáà yàn lójoojúmọ́ fún ogún ọdún. Ẹni tí ó lè yan ibi lè yan ire pẹ̀lú.

Ti Abíọ́dún ni ó le. Owó ni Sákéù fi èrú gbà, ó sì lè san án ní ìlọ́po mẹ́rin. Kí ni Gáà yóò fi san Àgbọ̀nyín? Ọlọ́run lè dárí jì í, kí gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Kí ó fi oyè sílẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ dá ohun tí wọ́n gbà padà, kí ó má sì ṣe rán ẹnikẹ́ni sí Abíọ́dún pé kí ó gbàgbé. Baba ọmọ ni yóò mọ ọjọ́ tí òun yóò dáhùn, bí ọjọ́ náà yóò bá tilẹ̀ dé.