Ọmọ Tí Ìwé Kíkà Ń Ni Lára

Ní Adakplamè, bíi ti ibi gbogbo ní ilẹ̀ Kétu ní Benin, ìkíni la fi ń kọ́kọ́ wo ìwà ọmọ. Èyí tó bá kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀, tó sì dáhùn ketekete, a ó ní ó lẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó dákẹ́, tí kì í wojú èèyàn, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, orúkọ rẹ̀ kì í jìnnà sẹ́nu wa: aláìlẹ́kọ̀ọ́, ọ̀lẹ, olódo. Bẹ́ẹ̀ Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ náà ní ìwé, èdè mìíràn ló ń sọ nílé. Ta ló wádìí ohun tó ń ni ín lára?

Ìwé ìfẹ́ kan tí a kọ fún ọ̀dọ́ ló mú mi béèrè. Lakelore ni, tí Anna-Marie McLemore tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2022. Lore àti Bastián tí ìtàn náà dá lé kò ka ara wọn sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Lẹ́tà a máa dàrú mọ́ Lore lójú. Ọkàn Bastián kì í gbé ojú kan. Ayé kan wà lábẹ́ adágún ìlú wọn tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló ti débẹ̀ rí, ayé náà sì ń gòkè bọ̀ wá bá wọn lórí ilẹ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé kò fi iṣẹ́ ìyanu wo wọ́n sàn kí wọ́n tó yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń fẹ́ràn.

Omi tó ní ayé nínú kò ṣàjèjì sí wa. Ní Abomey, àwọn Fọn ń bọ Tohosu, àwọn ọmọ ọba tí a bí pẹ̀lú ara tó yàtọ̀, tí wọ́n gbà pé inú omi ni wọ́n ń gbé. Zomadonu, ọmọ Ọba Akaba, ni olórí wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìsìn náà. Síbẹ̀, ọmọ tó wà láàyè lónìí ń fẹ́ àyè lórí ẹní ju kó gba ẹbọ nínú ojúbọ lọ.

Àwọn kan lè fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbèjà bí Lore kò ṣe ka ara rẹ̀ sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Lóòótọ́, ní Kétu níbí, ọkùnrin a máa ró ìró, a wé gèlè, a jó fún àwọn ìyá wa, ijó tí UNESCO bu ọlá fún ní 2001. Àmọ́ òtítọ́ wà lára ìwà ọmọlúàbí: bí agbo bá tú, ọkùnrin ni oníjó yẹn ń bá lọ sílé. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ tí a kò bá lẹ́nu àwọn bàbá wa sí wọn lẹ́nu. Ohun tó dá mi lójú ni pé a mọ bí a ṣe ń wo ẹni tó múra lọ́nà tí a kò retí, láìbú u. Kí ló dé tí sùúrù yẹn fi ń tán bí agbo bá ti tú?

Àgbà tó bá ní irú ìwé bíi Lakelore kò bá ìgbàgbọ́ òun mu ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní ẹ̀tọ́ láti bú ọmọ. Nínú ìwọ̀n ọmọlúàbí, àgbà tó ń bú ọmọ ló fúyẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú fi ẹnu dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Yorùbá, ẹ kọ ìtàn ìfẹ́ kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fẹ́, kí ẹ má sì fi í ṣe ẹ̀rín.